Jeannie Robertson Ṣáájú Ọdún 1953 àti Lẹ́yìn Rẹ̀: Ìgbà Èwe àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Akọrin Ìbílẹ̀ Kan ní Skọ́tlándì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbà èwe àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Jeannie Robertson (1908–1975), ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìbílẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì ní ọ̀rúndún ogún. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé ọdún 1953 ni Hamish Henderson ‘ṣàwárí’ rẹ̀. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà ‘ṣàwárí’ kò bá ìtàn mu. Obìnrin yìí ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ kí olùṣèwádìí tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tí ń gbọ́ orin rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yí padà ní ọdún 1953. Nígbà tí ó yá ni ìyípadà náà dé inú orin fúnra rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí bá ìtàn ìwádìí lórí orin ìbílẹ̀ Skọ́tlándì mu rẹ́gí. Láàárín ọdún 1882 sí 1898 ni iṣẹ́ ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis James Child ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ṣe lórí àwọn orin onítàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Skọ́tlándì jáde ní apá márùn-ún. Orin 305 ni ó kà sí ojúlówó, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ fi ń lo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Inú ìwé àfọwọ́kọ àti ìwé títẹ̀ àtijọ́ ni Child ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ó gbà pé ìgbà tí irú orin bẹ́ẹ̀ ń jáde láti ẹnu ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí. Ní nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn tí apá ìkẹyìn iṣẹ́ Child jáde, a bí ọmọbìnrin kan sí ìlú Aberdeen, tí yóò gba púpọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyẹn sórí láti ẹnu ìyá rẹ̀, láìsí ìwé lọ́wọ́. Ọmọ náà pé ẹni ọdún 40, ó sì lé, kí ọ̀mọ̀wé kankan tó bi í léèrè ohun tí ó mọ̀. Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni èyí: kí ni obìnrin náà ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Bí a bá ní ọdún 1953 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ni a ó pe ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀?

2.0 Àwọn Ènìyàn tí Jeannie Robertson ti Jáde Wá

A kò lè lóye ìgbà èwe Jeannie Robertson láìsọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ àwọn Arìnrìn-àjò ilẹ̀ Skọ́tlándì ni. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀yà kan tí ó ti wà ní ilẹ̀ náà láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, tí wọ́n ní ẹ̀ka-èdè àṣírí tiwọn, tí wọ́n sì ń ti ibì kan dé ibì kan ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi páànù rọ ife àti korobá, wọ́n ń tún èyí tí ó bá bàjẹ́ ṣe, wọ́n ń ra ẹṣin, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń kiri ọjà láti ilé dé ilé. Ní àkókò ìkórè, wọ́n a máa bá àwọn àgbẹ̀ já èso, wọ́n a sì máa bá wọn wú ọ̀dùnkún. Àwọn kan ń wá ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye nínú ìkarawun ìsàlẹ̀ odò. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn sì mọ fèrè aláàpò awọ fọn, èyí tí ayé mọ Skọ́tlándì mọ́.

Ojú tí àwọn onílé fi ń wò wọ́n kò dára. ‘Tinker’ ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn onípáànù, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ yìí ti di èébú ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin pàápàá ń fún wọn lọ́rùn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1865 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti pàgọ́ tàbí dáná sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní ọdún 1908 gan-an, tí a bí Jeannie Robertson, òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé jáde, tí ó pa á láṣẹ pé ọmọ Arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ wá sí ilé-ìwé ní ìgbà 200, ó kéré tán, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ń kà sí ìgbà kan.

Òfin yìí ṣe pàtàkì sí ìtàn wa nítorí pé ó pín ọdún sí méjì fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù, wọn a wà nínú ilé ní ìlú kí àwọn ọmọ lè pé iye ìgbà tí òfin béèrè. Bí oòrùn bá ti yọ, ọ̀nà yá. A ó rí i pé ìgbé-ayé méjèèjì yìí ni ó kọ́ Jeannie Robertson ní orin.

Ìtìjú tí wọ́n fi kan àwọn Arìnrìn-àjò kò parí lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni olórí ìjọba Skọ́tlándì, John Swinney, tọrọ àforíjì ní gbangba lọ́wọ́ wọn fún ètò ìjọba kan tí ó fi agbára mú ọ̀pọ̀ ẹbí jókòó sínú ilé tí kò yẹ ènìyàn láàárín ọdún 1940 sí 1980. Ọdún tí Jeannie Robertson di olókìkí wà nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Kókó yìí kò yẹ kí ó bọ́ lọ́kàn wa: orílẹ̀-èdè tí ń yin obìnrin náà fún orin rẹ̀ ni ó ń fi àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ̀sín.

3.0 Ìbí àti Ìgbà Èwe

Aberdeen, ìlú tí a bí i sí, jẹ́ ìlú etíkun ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Maria Stewart ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìdílé Stewart àti ìdílé Robertson jẹ́ ìdílé tí orin àti fèrè kò ṣàjèjì sí láàárín àwọn Arìnrìn-àjò. Ní ti Jeannie, ìyá rẹ̀ gan-an ni orísun pàtàkì tí ó ti mu. Ó máa ń tọ́ka sí i nígbà gbogbo bí wọ́n bá bi í pé níbo ni ó ti gbọ́ orin kan.

Ìgbà òtútù bá wọn ní Aberdeen. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá wọn lójú ọ̀nà. Lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn Arìnrìn-àjò láti Aberdeen, Glasgow àti Ayrshire, ẹbí rẹ̀ a máa lọ sí agbègbè Blairgowrie ní Perthshire láti já àwọn èso pupa kéékèèké tí wọ́n ń fi ṣe jáàmù. Ọ̀sán ni ti iṣẹ́, alẹ́ ni ti orin. Bí wọ́n bá ti dáná síwájú àgọ́, tí omi tíì ti hó, ẹbí tí ó wá láti ìwọ̀-oòrùn a máa kọ tirẹ̀, ẹbí tí ó wá láti àríwá a sì máa dá a lóhùn. Oko èso yìí jẹ́ ọjà ńlá fún orin, níbi tí ọmọdé ti lè gbọ́ orin kan náà lẹ́nu ẹni mẹ́ta, kí ó sì mọ bí ti ìdílé tirẹ̀ ṣe yàtọ̀.

Bí a bá wo ọ̀nà ìkọ́ni yìí dáadáa, kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọmọ ní orin ní ẹsẹ ìkíní àti ìkejì. Gbígbọ́ ni ọmọ ń gbọ́, títí orin yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ohun mìíràn tún wà. Orin onítàn kì í dá wá; ìtàn tí ó bí i ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Olórin a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á tí ẹ̀gbọ́n fi bínú sí àbúrò, tàbí tí ìyàwó olówó fi tẹ̀lé àwọn aláṣìkiri lọ. Lójú àwọn Arìnrìn-àjò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n ń kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọrin ń jẹ́rìí ni, kì í ṣe pé ó ń dá àwọn ènìyàn lára yá nìkan.

A lè fi orin tí ó ń jẹ́ ‘Son David’ ṣe àpẹẹrẹ. Orin yìí jẹ́ ẹ̀dà tirẹ̀ ti orin tí ó jẹ́ nọ́ńbà 13 nínú iṣẹ́ Child. Ìyá kan rí ẹ̀jẹ̀ lára idà ọmọ rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá. Ọmọ kọ́kọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni. Ìyá kò gbà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ajá ọdẹ ni. Ìyá kò tún gbà. Nígbẹ̀yìn ni ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀jẹ̀ arákùnrin òun ni, ó sì dágbére pé òun yóò wọ ọkọ̀ tí kò ní ìdí, òun kò sì ní padà mọ́. Ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan ni gbogbo orin náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ìjà tàbí ikú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí ìwúwo rẹ̀. Jeannie Robertson mọ ìtàn náà, ó sì máa ń sọ ọ́.

Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ Donald Higgins, afunfèrè aláàpò awọ tí ó jẹ́ Arìnrìn-àjò bíi tirẹ̀. Ní ọdún 1929 ni wọ́n bí Lizzie, ọmọbìnrin wọn. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1953, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé orin kankan. Ó ń tọ́mọ, ó ń tọ́jú ilé, ó sì ń kọrin fún ẹbí àti ará. Ṣùgbọ́n ní ojú àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́, ó ti di ẹni tí a ń dárúkọ. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé agbo olùgbọ́ rẹ̀ nígbà náà le ju agbo èyíkéyìí tí yóò bá pàdé lẹ́yìn náà lọ. Àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ mọ orin náà bí òun náà ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fo ẹsẹ kan, wọn yóò mọ̀.

4.0 Àwọn Olùkójọ Orin tí ó Ṣáájú

A kò lè sọ pé àwọn onímọ̀ kò wá sí agbègbè Aberdeen. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Gavin Greig tí ó jẹ́ olùkọ́ àti James Bruce Duncan tí ó jẹ́ àlùfáà kó orin tí ó lé ní 3,000 jọ ní agbègbè yìí. Iṣẹ́ wọn pọ̀ débi pé apá mẹ́jọ ni ìwé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde, láti ọdún 1981 sí 2002. Iṣẹ́ takuntakun ni, kò sì sí ẹni tí ó lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Síbẹ̀, ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè ni ó ń dáhùn. Láàárín àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ oko ni Greig àti Duncan ti rí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ. Nígbà tí Greig kú ní ọdún 1914, Jeannie Robertson kò tíì ju ọmọ ọdún 6 lọ, ìyá rẹ̀ sì ń kọ àwọn orin náà ní ìlú kan náà. Ọ̀nà ilé olùkọ́ àti ọ̀nà àgọ́ kò sábà pàdé ní Skọ́tlándì ìgbà náà. Èyí ni ó jẹ́ kí a sọ pé kì í ṣe àìsí orin ni ó fa ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà nínú ìwé, bí kò ṣe ibi tí a kò dé.

5.0 Ìpàdé Ọdún 1953

Hamish Henderson ni ó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1919 ni a bí i sí Blairgowrie, ìlú oko èso tí a mẹ́nu bà lókè. Ó jẹ́ akéwì, ó sì jẹ́ jagunjagun ní Àríwá Áfíríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1951, ó bá Alan Lomax, olùkójọ orin láti Amẹ́ríkà, rìn káàkiri Skọ́tlándì pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ọdún náà ni Yunifásítì Edinburgh dá ẹ̀ka ìmọ̀ nípa àṣà Skọ́tlándì sílẹ̀, Henderson sì di ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Láàárín àwọn Arìnrìn-àjò ni ó ti rí orin tí ó pọ̀ débi pé ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ní oko èso wé ti ẹni tí ó gbé agolo sábẹ́ ìtàkìtì omi Niagara.

Ní ọdún 1953, òkìkí Jeannie Robertson mú un dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Aberdeen. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ìtàn ìpàdé yìí. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé obìnrin náà fẹ́ lé e padà, ni Henderson bá pè é níjà pé kí ó sọ ìlà àkọ́kọ́ orin ogun Harlaw, nọ́ńbà 163 nínú iṣẹ́ Child, tí ó dá lórí ogun tí wọ́n jà ní ọdún 1411 nítòsí Aberdeen. Obìnrin náà sọ ọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí. Èyí kejì ni ti Henderson fúnra rẹ̀. Ó ní ó ti rẹ obìnrin náà, kò sì fẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ bí Henderson yóò ṣe kọ orin náà, ó sì pè é wọlé kí òun lè fi bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ hàn án. Orin ni wọ́n ń kọ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ta ni ó dán ta wò? Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ọ̀mọ̀wé ni adájọ́. Obìnrin náà ni ó jókòó fún ìdánwò, ó sì yege. Nínú ìtàn kejì, obìnrin náà ni olùkọ́. Ọ̀mọ̀wé ni ó wá pẹ̀lú orin tí kò tọ̀nà, tí wọ́n sì tún un ṣe fún un. Ìtàn àkọ́kọ́ ni ó bá ọ̀rọ̀ ‘ṣàwárí’ mu. Ìtàn kejì ni a gbà pé ó sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé Henderson tí ó sọ ọ́ kò fi gbé ara rẹ̀ ga, àti nítorí pé ó bá ohun tí a ti sọ nípa agbo tí ó tọ́ ọ mu. Ẹni tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ láti kékeré kò lè gbọ́ àṣìṣe kí ó dákẹ́.

6.0 Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Gbangba

Láti ìgbà náà, nǹkan yára. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953 kan náà, ó wà ní ilé Alan Lomax ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti ń dúró de ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Jean Ritchie láti Kentucky ní Amẹ́ríkà, Margaret Barry tí ó jẹ́ akọrin ojú pópó láti Ireland, àti Isla Cameron wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń fi orin dá ara wọn lóhùn, ẹ̀rọ Lomax sì ń gbà á sílẹ̀. Bí a bá fi ojú inú wò ó, agbo oko èso Blairgowrie ni ó tún padà, àfi pé ẹ̀rọ ti wọ inú agbo.

Àwo orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Bìrìtéènì àti ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950 ń jẹ́ ‘Songs of a Scots Tinker Lady’. Àkọlé yìí yẹ fún àkíyèsí: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú pópó ni wọ́n fi ta ohùn rẹ̀. Ó kọrin ní ẹgbẹ́ àti àjọ̀dún orin, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ray Fisher ti Glasgow gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ orin. Ní ọdún 1968, ìjọba Bìrìtéènì fún un ní oyè MBE. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1975. Àmì ìrántí rẹ̀ wà lára ilé tí ó gbé ní òpópónà Hilton ní Aberdeen.

7.0 Ohun tí ó Yí Padà Nínú Orin

Ìbéèrè kan kù. Ǹjẹ́ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1953 ni orin tí ó ń kọ ṣáájú? James Porter fi ara balẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí nípa fífi ọ̀nà tí ó gbà kọ ‘Son David’ ní oríṣiríṣi ọdún wé ara wọn. Òun àti Herschel Gower sì kọ odidi ìwé kan lórí Jeannie Robertson, tí ó jáde ní ọdún 1995. Ohun tí ó hàn ni pé bí ọdún ti ń gorí ọdún lórí pèpéle, orin náà ń falẹ̀ sí i, ó sì ń wúwo sí i.

A lè rí ìdí rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ tuntun kò mọ orin náà; wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọn kò dá a lóhùn, wọ́n sì kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Olórin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa wo ojú olùgbọ́ kọrin. Nítorí náà, a kò gbà pẹ̀lú ẹni tí yóò bá ní ìyípadà yìí ba ojúlówó orin jẹ́. Ìmọ̀ tí ó kọ́ ní ìgbà èwe, láti fi orin bá agbo tí ó wà níwájú ẹni mu, ni ó tún lò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùṣèwádìí mọ̀ pé ohùn tí ó wà nínú àpamọ́ kì í ṣe ohùn ẹ̀gbẹ́ iná gan-an. Ohùn obìnrin tí ó mọ̀ pé àjèjì ń gbọ́ òun ni.

Lizzie, ọmọ rẹ̀, tún fi èyí hàn lọ́nà mìíràn. Ó pẹ́ kí ó tó gbà láti kọrin ní gbangba; ìdí ẹja ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen. Nígbà tí àwo rẹ̀ jáde ní ọdún 1969, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ìyá rẹ̀. Dídún fèrè bàbá rẹ̀ ni ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí orin tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá. Ìdílé kan náà, orin kan náà, ẹnu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ó wà láàyè ni ó ń yí padà bẹ́ẹ̀.

8.0 Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọpa Jeannie Robertson láti ìgbà èwe rẹ̀ títí dé ìgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn. A fi hàn pé ìgbé-ayé ìgbà òtútù àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu ìyá rẹ̀, àti agbo tí kì í gba àṣìṣe ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. A sì fi hàn pé ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn Arìnrìn-àjò ni kò jẹ́ kí àwọn tí ń wá orin tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ ìtàn iṣẹ́ akọrin alohùn, kò yẹ kí a máa kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé. Ọjọ́ yẹn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùgbasílẹ̀. Iṣẹ́ akọrin ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti kọrin níwájú àwọn tí ó mọ orin náà, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ dé òpin. Olùṣèwádìí lítíréṣọ̀ alohùn tí ó bá fẹ́ jáde lọ sí pápá ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ lára Henderson ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Aberdeen. Ó kọ orin tí ó mọ̀, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó gbọ́.